MÁ BÁ AWAKỌ̀ SỌ̀RỌ̀: Ẹ̀rọ Ìgbàlódé Inú Ọkọ̀ àti Ẹ̀mí Ènìyàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ó bá jẹ́ pé alákàn ni ó ń wa ọkọ̀ lóde òní, ǹ bá fẹ́ mọ ibi tí yóò kọ ojú rẹ̀ sí, nítorí pé ohun tí ń pe awakọ̀ láti inú ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ohun tí ń pè é láti ojú ọ̀nà lọ. Fóònù ń dún, àwòrán ọ̀nà ń tàn, rédíò ń kọrin, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìrọ̀rùn ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, mo pe àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo wa nínú ẹbí ń pè ní Bàbá Kékeré. Ọ̀rọ̀ owó ilé ni mo fẹ́ bá wọn sọ, nítorí pé onílé mi ti fún mi ní ọjọ́ méje péré. Wọ́n ní àwọn ń wakọ̀ bọ̀ láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ṣùgbọ́n kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, pé inú ọkọ̀ tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni fóònù ti ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ àwọn méjèèjì sì wà lórí sítíárìn. Inú mi dùn. Mo kí wọn, mo kí ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó fún wọn: iye tí mo ní lọ́wọ́, iye tí ó kù, iye tí onílé lè fi sílẹ̀ di oṣù tí ń bọ̀. Wọ́n ní, 'Dúró ná, èló lo ní ó kù?' Kí n tó dáhùn ni mo gbọ́ gbàràmù! Fóònù kò já. Mo ń gbọ́ bí gíláàsì ṣe ń já wálẹ̀ wẹ́wẹ́wẹ́. Mo ń pe Bàbá Kékeré, mo ń pè wọ́n, wọn kò dáhùn.

Ọlọ́run ṣe é, ẹ̀mí kò lọ sí i. Ẹsẹ̀ kan kán, egungun ìhà méjì sì sán. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó bàjẹ́ sójú ọ̀nà ni wọ́n kọ lù. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ti fi ewé tútù sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ọ̀nà sì tẹ́ lọ gbọọrọ níwájú wọn. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ilé ìwòsàn, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé, 'Ọmọ mi, mo wò ó. N kò kàn rí i ni.'

Kò sí ẹni tí ó dá mi lẹ́bi. Síbẹ̀, ohùn mi ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí ó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí, àbájáde rẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ní ọkọ̀ àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ kò tí ì ní.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE WỌ INÚ ỌKỌ̀

Kì í ṣe òní ni ohùn ti ń wọ inú ọkọ̀. Ní ọdún 1930 ni ilé-iṣẹ́ Galvin ní Amẹ́ríkà gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Motorola jáde. Ní ọdún 1946, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà bákan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifóònù sínú ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà wúwo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá kan, ẹnì kan ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó sì máa ń bá wọn so ìpè pọ̀. Àwọn olówó àti oníṣòwò ńlá ni ó ń lò ó.

Ní ti wa níhìn-ín, ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká ti GSM dé Nàìjíríà, tí ohun tí ó jẹ́ ti àwọn díẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì di ti gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ni fóònù àti ọkọ̀ wá di ọ̀rẹ́ nípasẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní Bluetooth. Orúkọ ọba ilẹ̀ Denmark kan láyé àtijọ́, Harald Eléyín Búlúù, ni wọ́n mú sọ ọ́, nítorí pé ọba náà so àwọn ènìyàn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń so àwọn ẹ̀rọ pọ̀. Fóònù lè wà nínú àpò tàbí nínú báàgì. Bí ẹnì kan bá pè, ohùn rẹ̀ yóò jáde láti inú àwọn sípíkà ọkọ̀, ẹ̀rọ agbohùn kékeré kan tí ó wà lókè níwájú awakọ̀ yóò sì gbé èsì padà. Bọ́tìnnì kan wà lára sítíárìn tí a fi ń gbé ìpè, òmíràn wà tí a fi ń pa á. Ní ọdún 2014 ni Apple gbé CarPlay jáde, Google sì gbé Android Auto jáde ní ọdún 2015. Àwọn méjèèjì ni ó ń gbé ojú fóònù wá sí ojú ẹ̀rọ ńlá tí ó wà láàárín iwájú ọkọ̀, kí awakọ̀ má baà di fóònù mú.

Ohun rere ni wọ́n rò. Ẹni tí ó di fóònù mú létí, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó fi ń darí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti wọlé: a rò pé ọwọ́ nìkan ni ó ń wakọ̀.

OJÚ, ỌWỌ́ ÀTI ỌKÀN

Nǹkan mẹ́ta ni awakọ̀ ń lò pọ̀: ojú, ọwọ́ àti ọkàn. Ohun tí ó bá gba ọ̀kan nínú wọn kúrò lójú ọ̀nà, ewu ni. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ojú ni àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tí ó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá gbé ojú kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá 5 péré láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí láti wá orin tí ó wù ú, ọkọ̀ náà ti lọ tó mítà 139. Ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ta ni nínú wa tí yóò di ojú rẹ̀ kí ó sì wakọ̀ la pápá bọ́ọ̀lù já, nígbà tí àwọn ọmọdé ń ṣeré nínú rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń ṣe náà nìyẹn.

Ọwọ́ ni ìkejì. Rédíò ọkọ̀ àtijọ́ ní kókó méjì: ọ̀kan fún ariwo, ọ̀kan fún wíwá ilé-iṣẹ́ rédíò. Ọwọ́ awakọ̀ mọ ibi tí wọ́n wà, kò nílò láti wò wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ìyá wa ṣe mọ ibi tí ìgò iyọ̀ wà ní ìdáná. Ojú ẹ̀rọ òde òní dán bí àwo ni. Ọwọ́ kò lè fi ìfọwọ́kàn mọ ibi tí yóò tẹ̀. Ojú ni ó gbọ́dọ̀ bá a wá a. Nínú ọkọ̀ mìíràn, a ó tẹ ojú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dín òtútù kù. Àwọn onímọ̀ ti rí àléébù yìí. Euro NCAP, àjọ tí ó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, ti sọ pé láti ọdún 2026, ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ gba ìràwọ̀ tí ó pọ̀ jù lọ ní láti ní bọ́tìnnì gidi fún àwọn nǹkan pàtàkì bíi fèrè, iná tí a fi ń yà, àti ohun tí ń nu gíláàsì. Ẹ ò rí i pé àwọn tí ó ṣáájú wa ti fẹ́ padà sí ibi tí a ti ń bọ̀.

Ọkàn ni ìkẹta, òun sì ni ó le jù, nítorí pé a kì í rí i. Ní ọdún 2001 ni David Strayer àti William Johnston ti Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí ó ń wakọ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó dáhùn sí iná tí ó yí padà, tàbí kí ó má tilẹ̀ rí i rárá, ìbáà jẹ́ pé ó di fóònù mú tàbí kò dì í mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ pé awakọ̀ tí ó ń lo fóònù súnmọ́ ìjàǹbá ní ìlọ́po mẹ́rin ju ẹni tí kò lò ó lọ, àti pé èyí tí a kò fi ọwọ́ mú kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí tí a fi ọwọ́ mú lọ.

Kí ló dé? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú èdè wa. Wíwò kì í ṣe rírí. Bí ẹnì kan bá sọ pé, 'Mo wò ó títí, n kò rí i,' kò sí Yorùbá kan tí yóò sọ pé ó tako ara rẹ̀. Iṣẹ́ ojú ni wíwò. Ìgbà tí ọkàn bá gba ohun tí ojú gbé wá ni a tó lè sọ pé ènìyàn rí nǹkan. Nígbà tí Bàbá Kékeré ń ṣírò owó ilé mi, ojú wọn gbé ọkọ̀ akẹ́rù náà wá fún ọkàn, ṣùgbọ́n ọkàn kò sí nílé. Ohun tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí náà ni wọ́n fi gbólóhùn kan sọ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Kì í sì í ṣe ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ lọ́wọ́ nìkan. Ní ọdún 2015, ìwádìí tí Strayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún AAA Foundation fi hàn pé lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti bá ẹ̀rọ ọkọ̀ sọ̀rọ̀ tán, pé kí ó bá òun pe ẹnì kan tàbí kí ó yí orin padà, ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá 27 kí ọkàn rẹ̀ tó padà sójú ọ̀nà tán. Ọkọ̀ tí kò sáré ju 40 kìlómítà ní wákàtí kan lọ yóò ti lọ tó mítà 300 láàárín ìgbà náà. Ẹni tí ó ń lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀.

ẸNI TÍ Ó WÀ NÍNÚ ỌKỌ̀ ÀTI ẸNI TÍ KÒ SÍ NÍBẸ̀

Ẹnì kan lè bi mí léèrè pé: ṣé èrò ọkọ̀ kì í bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ni? Kí ni ìyàtọ̀? Ìbéèrè rere ni. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀.

Ẹni tí ó jókòó ti awakọ̀ ń rí ọ̀nà. Bí tírélà bá yọ níwájú, òun fúnra rẹ̀ yóò dákẹ́, tàbí kí ó pariwo pé, 'Ẹ rọra o!' Bí awakọ̀ bá fẹ́ yà, yóò dúró dè é. Ojú méjì di mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí fóònù kò mọ̀ pé kòtò wà níwájú, kò mọ̀ pé ọlọ́kadà ti já sójú ọ̀nà. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni, ó sì ń retí èsì. Bí èsì bá pẹ́, yóò ní, 'Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?' Nínú ìwádìí kan tí Strayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2008, wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ yà kúrò lójú títì ní ibì kan. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó ń bá èrò inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀ ni ó yà níbi tí ó yẹ. Bí ìdajì àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni ó kọjá ibẹ̀ láìmọ̀.

OJÚ LỌ̀RỌ̀ WÀ

Ọ̀rọ̀ tiwa tún le jù báyìí lọ, nítorí irú ẹni tí a jẹ́. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tí a kò rí ojú rẹ̀, ọkàn wa ni yóò máa ya ojú náà fún wa. Ẹ ṣọ́ ẹni tí ó bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù: ẹ ó rí i tí ń kúnlẹ̀ díẹ̀, tí ń mi orí, tí ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń wakọ̀ ni, ta ni ń wo ọ̀nà?

Lẹ́yìn èyí ni ìkíni. Àwa kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkíni. A ó kí ara wa kú ọjọ́ mẹ́ta, a ó kí ara wa kú iṣẹ́, a ó béèrè ará ilé, a ó béèrè ara àgbà tí kò yá. Ìwà ọmọlúwàbí ni, n kò sì sọ pé kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n ìpè tí kò yẹ kí ó ju ìṣẹ́jú kan lọ ti di ìṣẹ́jú márùn-ún kí a tó dé ìdí ọ̀rọ̀ gan-an.

Èyí tí ó wá burú jù ni ìbẹ̀rù pé a ó rí àgbà fín. Bí ìyá ẹni bá pè, tí a kò gbé e, wọ́n lè ní, 'O rí ìpè mi, o ò dá mi lóhùn.' Ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹ̀mí ara wọn wéwu kí a má baà pè wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Èmi gbà pé ó tó àkókò kí ẹ̀kọ́ ilé wa gba ìtumọ̀ tuntun mọ́ra: ẹni tí kò gbé ìpè àgbà nígbà tí ó ń wakọ̀, àgbà náà ni ó bọ̀wọ̀ fún, nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n wá sọkún òun.

Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn náà kò tí ì mọ wá dáadáa. Lóòótọ́, ní ọdún 2019 ni Google fi ohùn tí ó ní ìró ẹnu Nàìjíríà sínú Google Maps, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ojú àwòrán ilẹ̀ kò ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí ó jẹ́ ìlú, ẹ̀rọ lè pè é bí ẹni ń pe owó tí à ń ná. Awakọ̀ yóò ní, 'Ibo ló ní?' yóò sì kọ ojú sí ẹ̀rọ. Bákan náà, ẹni tí ó bá ní kí ẹ̀rọ bá òun pe Ọlọ́runfúnmiláyọ̀ lè tún un wí lẹ́ẹ̀mẹta, kí inú sì bí i. Awakọ̀ tí ń bá ẹ̀rọ jà kò tún ní ọkàn méjì tí yóò fi wo ọ̀nà.

BÍ A ṢE LÈ LÒ WỌ́N LÁÌSÉWU

N kò sọ pé kí a yọ àwọn ẹ̀rọ yìí dànù. Ọ̀bẹ tí ń gé ọwọ́ náà ni ó ń gé ẹran. Ohun tí ó yẹ ni kí a mọ ìgbà tí a ó lò wọ́n.

(a) Kí ọkọ̀ tó ṣí: Ẹ so fóònù pọ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹ yan ibi tí ẹ ń lọ sínú àwòrán ọ̀nà, ẹ wá ilé-iṣẹ́ rédíò tàbí orin tí ẹ fẹ́, ẹ tún dígí àti òtútù ṣe. Bí ọ̀nà bá yí padà lẹ́yìn náà, ẹ fi àyípadà náà lé ẹni tí ó jókòó tì yín lọ́wọ́. Fóònù òde òní ní ètò kan tí ń dá ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ dúró nígbà tí ènìyàn bá ń wakọ̀. Ó wà lórí fóònù Apple láti ọdún 2017. Ó lè dá ẹni tí ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí yín lóhùn fúnra rẹ̀, ẹ sì lè kọ èsì náà ní Yorùbá: 'Ẹ jọ̀wọ́, mo ń wakọ̀ lọ́wọ́. Bí mo bá gúnlẹ̀, n ó pè yín.' Kò sí àgbà tí yóò ka èyí tí yóò ní a rí òun fín.

(b) Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ: Bí ìpè bá wọlé, ẹ jẹ́ kí ó dún tán. Bí ó bá jẹ́ dandan, ẹ gbé e, ẹ sọ gbólóhùn kan: 'Mo ń wakọ̀, n ó pè yín padà,' kí ẹ sì pa á. Ẹ má ṣe fi fóònù yanjú ìjà, ẹ má ṣe ṣírò owó, ẹ má ṣe gbọ́ ìròyìn ikú lórí sítíárìn. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ṣeé fi sílẹ̀, ẹ wá ibi tí ó dára kí ẹ dúró. Ẹ má ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn àti nítorí àwọn ọlọ́ṣà. Ilé epo tàbí ibi tí èrò wà ni kí ẹ yà sí.

(d) Àwọn ẹ̀rọ ìrànwọ́: Kámẹ́rà tí ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ hàn wúlò gan-an, Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti ọdún 2018 nítorí àwọn ọmọdé tí a ń fẹ̀yìn rìn lù. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ àti ẹrẹ̀ òjò máa ń bo ojú rẹ̀, kì í sì í rí ohun tí ń sáré bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ nù ún, kí ẹ sì tún yí ọrùn wò. Ẹ̀rọ tí ń mú eré ọkọ̀ dúró sójú kan láìtẹ tọ́tù, ọ̀nà tí ó tẹ́ tí ó sì gbẹ ni ó wà fún. Kì í ṣe ti inú òjò, kì í ṣe ti ọ̀nà oníkòtò, kì í sì í ṣe ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

(e) Ọkọ̀ tòkunbọ̀: Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wa ni ó ti sin ẹlòmíràn rí. Àwòrán ilẹ̀ tí ó wà nínú wọn lè jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Eré sísá wọn lè jẹ́ ní máìlì, bẹ́ẹ̀ máìlì kan tó kìlómítà kan àti díẹ̀ lé ní ìdajì. Ẹni tí ó rò pé òun ń sá 60 kìlómítà lè máa sá nǹkan bíi 97. Ẹ pa orúkọ àti nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́ rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì pa tiyín náà rẹ́ bí ẹ bá fẹ́ tà á. Bọ́tìnnì SOS tí ó wà lókè nínú àwọn ọkọ̀ kan, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e. Ní Yúróòpù, láti ọdún 2018 ni irú ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde ti gbọ́dọ̀ lè pe 112 fúnra rẹ̀ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Níhìn-ín, nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, ti pàjáwìrì sì ni 112. Ẹ há wọn sórí.

(ẹ) Ojú ẹ̀rọ tí ń fi fíìmù hàn: Ó yẹ kí fíìmù dúró bí ọkọ̀ bá ti ń lọ. Wáyà kan wà tí ó yẹ kí wọ́n so mọ́ bíréèkì ọwọ́ fún èyí. Àwọn kan tí ń so ẹ̀rọ yìí máa ń so wáyà náà síbòmíràn kí fíìmù lè máa lọ lójú ọ̀nà, àwa oníbàárà ni a sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ̀ wọ́n mọ́.

IṢẸ́ TI ÀWA TÍ KÒ NÍ ỌKỌ̀

Láyé ìgbà tí àwọn bàbá wa ń wọ bọlẹ̀kájà àti bọ́ọ̀sì ńlá, ìkìlọ̀ kan wọ́pọ̀ níwájú ọkọ̀: Má bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bí ọkọ̀ bá ń lọ. Mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni mo tó ṣàkíyèsí ẹni tí ó ń bá wí. Kò sọ fún awakọ̀ pé kí ó má sọ̀rọ̀. Èrò ni ó ń bá wí. Àwọn àgbà mọ̀ pé ẹni tí a bá bá sọ̀rọ̀ kò lè ṣe kí ó má dáhùn, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ti dí ọ̀nà rẹ̀.

Òfin òde òní, ọrùn awakọ̀ ni ó gbé gbogbo ẹrù lé. Òfin Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ọdún 2007 ka lílo fóònù nígbà tí a ń wakọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àjọ náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, ti ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣọ́ tí ó lè mú ẹni tí ó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń pe ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Ẹ̀rí ọkàn wa nìkan ni ó lè mú wa.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àwa ni à ń pe bàbá àti ìyá wa fún owó oúnjẹ. Àwa ni à ń pe àwọn olùkọ́ wa láàárọ̀ pé, 'Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ ti dé ọ́fíìsì sà?' nígbà tí a mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n wà ní irú àkókò yẹn. Nítorí náà, mo dá àbá yìí: kí ìbéèrè kan wà lẹ́yìn 'Ẹ káàsán' tí yóò ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ mìíràn, pé, 'Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń wakọ̀?' Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí a ní, 'Ẹ rọra o, n ó tún pè,' kí a sì pa á, bí wọ́n tilẹ̀ ní kí a máa sọ ọ́ lọ. Bí a bá sì wà nínú ọkọ̀, kí a bá awakọ̀ gbé ìpè, kí a bá a wo àwòrán ọ̀nà, kí a sì dákẹ́ nígbà tí ọ̀nà bá le.

ÌKÁDÌÍ

Bàbá Kékeré ti ń wakọ̀ padà, wọ́n ń tiro díẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wà báyìí náà ní ojú ẹ̀rọ àti Bluetooth. Ní oṣù tí ó kọjá mo pè wọ́n. Mo ní, 'Ẹ káàsán sà. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń wakọ̀?' Wọ́n ní, 'Mo ń wakọ̀, ọmọ mi.' Mo ní, 'Ó dàárọ̀ sà,' mo sì pa á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agogo méjì ọ̀sán ni. Nígbà tí wọ́n dé ilé, wọ́n pè mí padà, a kí ara wa dáadáa, a rẹ́rìn-ín 'ó dàárọ̀' mi, a sì sọ̀rọ̀ tó wákàtí kan. Kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ náà pàdánù nítorí pé ó dúró.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. A ti gbọ́ o.